Ìbéèrè Tí Ìdíátù Fi Pamọ́

Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ Olúwaṣìkẹ́mi nípàdé àdúgbò, Ìdíátù pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń hó bí omi ẹ̀bà.

Ta ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀? Òun ni. Abẹ́ àtíbàbà tó ti ń ránṣọ nÍjẹ̀gùn ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ kóra jọ sí, tí wọ́n ń ráhùn nípa ibùdó ìlera tó wà lópin àdúgbò wọn. Bí aboyún bá ń rọbí tó bá gba ibẹ̀ lọ, ọjọ́ kan á bá agbẹ̀bí, ọjọ́ kejì á bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ló kó àwọn obìnrin náà lọ bá Bàbá Oyèníran, alága àdúgbò. Òun ló ń gun ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Onọ́rébù Báyọ̀dé nÍkòtún, tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Nígbà tí onọ́rébù wá gbà níkẹyìn pé òun á gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Aṣòfin, pé òun á bi kọmíṣọ́nnà ètò ìlera léèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó ní kí àdúgbò yan ẹnì kan tí òun á dárúkọ níbẹ̀, tó máa wá jókòó lókè níbi tí wọ́n ń fi àwọn aráàlú sí.

Wọ́n yan Ṣìkẹ́mi, nítorí pé Ṣìkẹ́mi lóyún.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i," Bàbá Oyèníran wí, ó yíjú sí Ìdíátù. "Ẹni tó gbé oyún sára ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá Raheem, ẹ̀yin ti bímọ tiyín tán, àbí ẹ ṣì fẹ́ bí sí i ni?"

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Ìdíátù náà fi ẹ̀rín pa á mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ojú tó fi ń wo ikùn Ṣìkẹ́mi yí padà. Ọmọ àná, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, tí kò tíì mọ ibi tí kòtò wà lójú ọ̀nà nígbà tí omi bá bò ó. Wọn ò yan ọmọ náà gan-an, Ìdíátù ń wí nínú ara rẹ̀, ikùn ẹ̀ ni wọ́n yàn.

Ohun tó tún dùn ún ni pé Ṣìkẹ́mi kì í ṣe fáàrí. Ká ní ó ń ṣe fáàrí ni, Ìdíátù ì bá rí nǹkan kan dì mọ́ ọn lára. Ọmọ náà á wá kí i láàárọ̀, á fẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti ikùn, Ìdíátù á ní kó dìde, á sì máa bínú sí i nítorí pé ó fẹ́ kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà lọ́wọ́ Ìdíátù tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Kó tó di pé wọ́n ṣe ìpàdé yẹn, Matilda, agbẹ̀bí ibùdó ìlera náà, mú aṣọ funfun wá kí Ìdíátù bá a rán sùtánà tó máa wọ̀ lọ sí ìjọ wọn. Bí Ìdíátù ṣe ń wọn èjìká rẹ̀ ló ń mí kanlẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá Raheem. Baruwa ni mo ti ń bọ̀ yìí."

"Kí lo lọ ṣe ní Baruwa?"

"Iṣẹ́ ni, mà. Orúkọ mi wà níbí, ó tún wà lọ́hùn-ún. Agbẹ̀bí ò tó, ni wọ́n bá fi mí sójú méjì. Ọjọ́ tí mo bá wà lọ́hùn-ún, kò sẹ́nì kankan níbí. Àwọn èèyàn ṣì rò pé mò ń sá níṣẹ́ ni."

Ìdíátù wọn ọwọ́ aṣọ náà tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó yé e pé ní ọ́fíìsì ìjọba, Ìjẹ̀gùn ní agbẹ̀bí, Baruwa náà ní agbẹ̀bí. Ẹni tó bá bèèrè bóyá agbẹ̀bí wà, wọ́n á ní ó wà, irọ́ kọ́ ni wọ́n sì pa. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi wọ́n ni bóyá ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá yan òun lòun máa mú un jáde, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé àwọn yan ẹni tó tọ́. Wọn ò yàn án, kò sì mú un jáde mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ṣìkẹ́mi wọlé wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Raheem, ẹ gbà mí. Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa bọ́ sí, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ nínú Ilé lọ́jọ́ náà. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ onọ́rébù dàgbà, Yorùbá ẹ̀ ò kọjá 'ẹ kú ilé.' Tèmi náà ò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bá wa to ìbéèrè náà."

"Ṣé èmi ni mò ń lọ ni?"

"A jọ ń lọ ni, mà. Mo ti sọ fún Testimony." Testimony ni obìnrin tó ń bá onọ́rébù ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. "Àyè méjì ni wọ́n fún wa lókè. Mo ní ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi."

Kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ìdíátù lára bí abẹ́rẹ́ tó já sínú aṣọ. Òun tó la ọ̀nà ni wọ́n ń ṣàánú ní àyè kan.

Ṣùgbọ́n ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, Ṣìkẹ́mi ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. "Abẹnugan, ọlá yín ò ní di ìbàjẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn ìyá wa nÍjẹ̀gùn ń rọbí, wọ́n ń sunkún, ilẹ̀kùn títì lojú wọn sì ń rí. Mo fẹ́ kí kọmíṣọ́nnà dìde níwájú Ilé ọlọ́lá yìí, kó sọ fún wa: ṣé agbẹ̀bí wà nÍjẹ̀gùn, àbí kò sí?"

"Háà, ó dùn jù," Ṣìkẹ́mi wí. "Ìyá Raheem, ẹ ò bá ti lọ ṣòṣèlú."

Ó dùn lóòótọ́. Kò sì léyín. Ìdíátù mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Ṣìkẹ́mi tó dìde nílẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ, ó ń wí lọ́kàn, kí wọ́n sì gbé ọwọ́ òfìfo bọ̀. Nígbà náà ni wọ́n á mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n rán.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ọkọ̀ tí ọ́fíìsì onọ́rébù háyà gbé wọn lọ sí Ìkẹjà. Ẹ̀ṣọ́ tó mú wọn dé òkè kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ àfi tí Abẹnugan bá ní kí wọ́n pa á. Ní ìsàlẹ̀, àwọn aṣòfin jókòó yíká, kọmíṣọ́nnà jókòó níwájú wọn pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó gbé fáìlì dání. Ohun tó ya Ìdíátù lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tó ń kọjú sí kọmíṣọ́nnà bá a wí. Abẹnugan ni gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ìyá ọkọ bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ìyàwó tó dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ da ìbéèrè mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọmíṣọ́nnà mú èyí tó rọrùn jù dáhùn, ó gbójú fo méjì yòókù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín.

Ó kan Onọ́rébù Báyọ̀dé. Ó dìde, ó ń ka ọ̀rọ̀ Ìdíátù pẹ̀lú ahọ́n tó ń kọsẹ̀ lórí àmì ohùn, síbẹ̀ Ilé gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi 'a máa ń ríran,' wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì.

"Onọ́rébù, ìgbà wo lẹ di ọmọ Ọ̀yọ́?" ẹnì kan béèrè, ẹ̀rín ta.

Àyà Ìdíátù wú. Ọ̀rọ̀ tí òun to nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń lu tábìlì fún yìí. Kò tíì gbádùn rẹ̀ tán tí onọ́rébù fi na ọwọ́ sókè.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin Olúwaṣìkẹ́mi, tó kó ọ̀rọ̀ yìí wá. Òun ló jókòó lókè yẹn."

Gbogbo wọn ló yíjú sókè. Wọ́n rí ikùn, wọ́n mi orí. Kò sí ojú kan tó dúró lára Ìdíátù.

Kọmíṣọ́nnà dìde, ara rẹ̀ balẹ̀. "Abẹnugan, agbẹ̀bí wà nÍjẹ̀gùn. Gbogbo ibùdó ìlera wa ló ní agbẹ̀bí. Mo lè dárúkọ tirẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́." Ó sì jókòó.

"Onọ́rébù Báyọ̀dé," Abẹnugan wí, "ṣé ẹ ní ìbéèrè àfikún?"

Onọ́rébù yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó wo Testimony tó dúró létí ògiri. Testimony wo òkè, ó sì gbé fóònù rẹ̀ hàn Ṣìkẹ́mi, bí ẹni ń ní kó tẹ ìbéèrè ránṣẹ́. Ṣìkẹ́mi yíjú sí Ìdíátù.

"Ó ní ó wà," ó rọra sọ. "Ìyá Raheem, kí la máa sọ?"

Ohun tí Ìdíátù ti ń retí nìyí. Wọ́n ń ṣubú lọ lójú rẹ̀. Ó rò pé á dùn mọ́ òun, àmọ́ bíi pé ó jẹ orógbó ló rí lẹ́nu rẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́, orúkọ Ṣìkẹ́mi ni wọ́n á tún dá. Bí òun kò bá sọ ọ́, Matilda á máa sáré láàárín Ìjẹ̀gùn àti Baruwa, ọjọ́ tí ọmọ inú yìí bá sì mú fúnra rẹ̀ lè bọ́ sí ọjọ́ àgádágodo. Ó wo ọwọ́ Ṣìkẹ́mi lórí ikùn rẹ̀. Owú yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ digbí.

"Tí kò bá sí," Abẹnugan wí, "ká bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

"Kọ ọ́," Ìdíátù wí. "Ṣe kíá. Ṣé agbẹ̀bí tó wà nÍjẹ̀gùn kọ́ ni agbẹ̀bí Baruwa náà? Ọjọ́ tó bá wà ní Baruwa, ta ló wà nÍjẹ̀gùn?"

Ṣìkẹ́mi tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó fi ìka sí ètè. Ní ìsàlẹ̀, Testimony rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ síbi ìjókòó onọ́rébù, ó sì gbé fóònù síwájú rẹ̀.

Onọ́rébù kà á. Kò sí òwe nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lu tábìlì. Kọmíṣọ́nnà yíjú sí òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ síra wọn létí.

"Abẹnugan, ẹnì kan náà ni. Ó ń pín ọjọ́ ṣe."

"Ọjọ́ tí kò bá sí nÍjẹ̀gùn ńkọ́?" Abẹnugan fúnra rẹ̀ ló béèrè.

"Kò sí ẹlòmíràn. Agbẹ̀bí ò tó wa, Abẹnugan. A ti ń gba àwọn tuntun."

"Ìjẹ̀gùn ni mo bi yín léèrè."

Kọmíṣọ́nnà nu ojú. "Kí oṣù yìí tó parí, a ó fi agbẹ̀bí tirẹ̀ síbẹ̀."

Abẹnugan ní kí akọ̀wé Ilé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí kọmíṣọ́nnà padà wá jábọ̀. Ó wá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún arábìnrin tó wà lókè. Ilé pàtẹ́wọ́. Ìdíátù náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ń lu aṣọ tútù.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, nígbà tí wọ́n kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, Ṣìkẹ́mi yíjú sí i.

"Ìyá Raheem, ìgbà wo lẹ ti mọ ọ̀rọ̀ Baruwa yẹn?"

Ìdíátù lè dá a lóhùn bíi kọmíṣọ́nnà. Ó lè ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. Ó wo ojú fèrèsé.

"Ó ti pẹ́. Kí wọ́n tó yàn ẹ́."

"Ẹ sì mọ̀ ọ́n nígbà tí à ń to ìbéèrè?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo ń jowú ẹ ni, Ṣìkẹ́mi."

Ọmọ náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ká ní Testimony ò gbé fóònù hàn mí, tí mi ò sì yíjú sí yín, ṣé ẹ máa sọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀," Ìdíátù wí, òótọ́ sì ni.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró lóríta wọn, Ṣìkẹ́mi na ọwọ́ sí Ìdíátù láìwo ojú rẹ̀, Ìdíátù dì í mú sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a gbé báàgì. Àwọn obìnrin àdúgbò ti kún ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́ ọ lórí rédíò.

"Ṣìkẹ́mi, o mà gbọ́n o. Ta ló kọ́ ẹ ní ti Baruwa yẹn? Kọmíṣọ́nnà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe kòlòlò."

Wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, wọ́n ń kí ọmọ inú. Bàbá Oyèníran jáde síwájú, ó rí Ìdíátù lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Ìyá Raheem, ẹ̀yin náà lọ? Kí lẹ bá débẹ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìdíátù wo ẹ̀yìn Ṣìkẹ́mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ẹnu rẹ̀ pátápátá: èmi ni, èmi ni mo bèèrè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mo sìn ín lọ ni."

Ṣìkẹ́mi gbọ́. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó ń bá àwọn obìnrin lọ. Ìdíátù gbé báàgì náà sí èjìká kejì, ó ń tẹ̀ lé wọn lọ láàárín kòtò.