Ìka Tí Hàbíbátù Kò Nà

Lọ́dún 1983, kò sí ọmọ tí orí rẹ̀ pé tó ti Hàbíbátù ní kíláàsì Àǹtí Oyèníkẹ́ ní Ìwó. Ààfáà Sàlàkọ́, bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọbìnrin lọ sílé ìwé. Omijé ni ìyá ọmọ fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Lọ́sẹ̀ ọ̀hún, “this” àti “that” ni wọ́n ń kọ́. Oyèníkẹ́ ní ohun tó bá wà nítòsí, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pè é ní “this”. Èyí tó bá jìnnà, kí wọ́n nàka sí i, kí wọ́n pè é ní “that”. Wọ́n nàka sí fèrèsé, wọ́n nàka sí ewúrẹ́ tó ń jẹko níta. Hàbíbátù kì í ṣì í.

Ni ìsípẹ́kítọ̀ bá dé, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun. Ẹni tó bá ní ọmọ rere lọ́wọ́ á kúkú fẹ́ yangàn. Oyèníkẹ́ pe Hàbíbátù síwájú.

“Ó yá, nàka sí bàbá yẹn, kí o sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ lédè òyìnbó.”

Ọmọ kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dorí kodò. Oyèníkẹ́ tún un sọ, kò nàka. Ìtìjú bo tíṣà, inú sì bí i.

“Olódo! Àṣé agbárí òfìfo ni mo ń kọ́ látọjọ́ yìí!”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Hàbíbátù kò wá sílé ìwé mọ́. Oyèníkẹ́ rò pé bàbá rẹ̀ ló dá a dúró, ló bá gba ilé wọn lọ. Ó bá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Kí ló dé tí o kò nàka lọ́jọ́ yẹn?”

“Àgbà ni wọ́n, mà. A kì í nàka sí àgbà.”

Ara Oyèníkẹ́ bù máṣọ. Òun tí wọ́n bí sí Ìwó, tí kò jẹ́ nàka sí bàbá tirẹ̀ láéláé! Àbámọ̀ gbé e mì. Bí Ààfáà ti jáde, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ dákun, bàbá, ẹ jẹ́ kó padà. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Ṣé èmi ni mo dá a dúró ni, tíṣà?” Ààfáà mí kanlẹ̀. “Èmi tí mo ní kò gbọdọ̀ lọ, èmi náà ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní kì í ṣe olódo. Ó ní àǹtí òun kì í purọ́.”

Oyèníkẹ́ yíjú sí ọmọ náà. “Irọ́ ni mo pa, Hàbíbátù. Inú ló bí mi.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Hàbíbátù wí jẹ́jẹ́. “Mo mọ̀ pé ẹ kàn fẹ́ pẹ̀tù sí mi nínú ni.”