Wàrà Tí Aslaug Fi Ṣe Ìrìbọmi

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó mọ Ọlọ́run ní gbogbo pápá Dakota nígbà tí àwọn èèyàn láti òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó síbẹ̀, ẹ béèrè Aslaug, ìyàwó Gudmund. Òun ló kọ́kọ́ kọrin ìsìn lórí ilẹ̀ tí kò ní igi kan ṣoṣo, nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi erùpẹ̀ tòun ti koríko orí rẹ̀ mọ. Ó bí ọmọ mẹ́fà, Ragna ni àkọ́bí, ó sì kọ́ wọn ní katikísìmù kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà màlúù. Èyí tó bá sùn nídìí àdúrà, ṣíbí igi ni yóò fi jí i.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Aslaug á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn ará ìjọ á ní, "Ẹ wò ó, Ẹ̀mí ti bà lé e." Ẹ̀mí wo? Ẹ̀rù ni.

Ọdún kẹta tí wọ́n dé ilẹ̀ náà ni ìjì yìnyín há Gudmund mọ́ ilé màlúù fún ọjọ́ méjì. Yìnyín dí ilẹ̀kùn ilé pa. Iná kú. Omi inú garawa le bí òkúta. Eivind, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ń kú lọ lórí itan ìyá rẹ̀, kò sì tíì ṣe ìrìbọmi, bẹ́ẹ̀ ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀dọ̀ àlùfáà. Nínú ìjọ tiwọn, bí ikú bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó gbàgbọ́ lè ṣe é, kí omi ṣáà ti wà, kí wọ́n sì pe orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Aslaug mọ orúkọ. Omi ni kò ní, kò sì sí iná tàbí àkókò tí yóò fi yọ́ yìnyín. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣàn nínú ilé náà ni wàrà màlúù inú ìgò tó fi sí àyà ara rẹ̀ kó má bàa dì. Òun ló dà sórí ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ.

Nígbà tí yìnyín yọ́, àlùfáà dé tòun ti ìwé ìjọ.

"Ìyá Ragna, ṣé omi lẹ fi ṣe é?"

"Omi ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Aslaug purọ́ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run lójú kòròkòrò! Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ká ní ó sọ òótọ́, kí àlùfáà ní ìrìbọmi kọ́ nìyẹn, ibo ni yóò gbé ojú sí? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì wà nínú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ìgbà ìkórè àlìkámà ni àìsàn inú dá a dùbúlẹ̀. Kọfí tó fẹ́ràn jù, kò lè gbé e mì mọ́. Gudmund jókòó tì í, ó ń ka ìwé orin.

"Ẹ pa ìwé yẹn dé, Baba Ragna. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìwọ kẹ̀? Bí ìwọ bá ń bẹ̀rù, kí lèmi ó wá ṣe?"

"Mi ò ní bá Eivind lọ́run. Wàrà ni mo fi ṣe é. Kò sí omi. Mo purọ́ fún àlùfáà."

Gudmund gbé ìwé orin sílẹ̀.

"Wàrà wo?"

"Wàrà wo tún ni? Èyí tí ẹ gbé wá láàárọ̀ tí ìjì dé."

"Omi wà nínú ẹ̀."

"Ẹ ní kí ni?"

"Wàrà màlúù yẹn ti ń gbẹ. Ọmọ sì jẹ́ mẹ́ta. Mo máa ń bu omi sí i kí n tó gbé e wọlé. Mi ò lè sọ fún ẹ. Nígbà tọ́mọ kú, mo ní èmi ni mo febi pa á." Àgbà ọkùnrin bú sẹ́kún.

Aslaug tẹjú mọ́ ọn.

"Omi yẹn, ṣé ó pọ̀? Ẹ má tàn mí o, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mò ń lọ."

"Lọ́jọ́ yẹn, ó ju wàrà lọ."

"Gudmund!" Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ragna, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. "Olè wàrà!" Ẹ̀rín gbé e títí ó fi di ikùn mú. "Omi wà níbẹ̀, Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó parí." Ó na ọwọ́, ó nu ojú ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Òtútù ni. Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́, mo mọ̀."

Nígbà tó ṣe, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

"Ẹ bu wàrà wá. Kẹ́ ẹ sì bu omi sí i o, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe."

Gudmund bu wàrà, ó bu omi sí i. Kó tó padà dé, Aslaug ti sùn lọ, kò mí mọ́, ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Gudmund fọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì mu wàrà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.