Àgbo Gbígbóná fún Olú

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun."

Warsito kúnlẹ̀ sẹ́nu táǹkì, ó ń bẹ olú tó ń hù nínú rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Olú ò dá a lóhùn. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara ń jáde ní pupa fòò, bí ẹni pé wọ́n pa màlúù sínú rẹ̀.

Inú táǹkì yìí ni omi aró gbogbo àwọn alábátíìkì àdúgbò náà, àwọn tó ń fi ìda àti aró ya ọnà sára aṣọ, ní ìlú Pekalongan, ń gbà kó tó dé odò. Orí ìyẹ̀fun igi ni olú ń hù. Oje tó ń tú jáde, tí àwọn ará yunifásítì ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ló ń jẹ aró. Láti ìgbà tí ìyàwó Warsito ti kú, tí ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí Jakarta, olú yìí nìkan ló ń kí láàárọ̀, òun náà ló ń kí lálẹ́. Olórí àdúgbò sì ti sọ ọ́: bí omi pupa bá tún wọ odò, wọ́n á wó táǹkì.

Ó ti ẹnu páìpù pa, ó tọ ojú gọ́tà lọ. Ó bá Màmá Tumini, ọ̀kan nínú àwọn alábátíìkì náà, lágbàlá rẹ̀, tó ń da omi híhó tó fi yọ ìda lára aṣọ sínú gọ́tà.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tọ́jú ọmọ yín ni."

"Ọmọ wo?"

"Olú yín. Aró tútù ló ń jẹ ṣáá, inú ta ni ò ní run? Bí inú bá ń run èmi, àgbo atalẹ̀ gbígbóná ni mò ń mu. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fún un ní gbígbóná, kò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Báwo ló ṣe máa dúpẹ́? Ẹ ti bọ̀ ọ́ bí ẹyin."

Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Warsito ti to èébú sẹ́nu, àmọ́ nígbà tó lanu, ohun tó jáde ni:

"Òun nìkan ló kù mí kù."

Màmá Tumini gbé ìkòkò náà nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní irúgbìn ẹ̀?"

"Ó wà nílé, nínú ìgò. Ṣùgbọ́n kó tó gbilẹ̀, ta ló máa gba omi aró sílé?"

Màmá Tumini yí dùrọ́ọ̀mù tó fi ń gbe omi òjò síta. "Èmi nìyí. Màá yà lọ́dọ̀ àwọn alábátíìkì tó kù, kí àwọn náà gba tiwọn sílé. Ẹni tó bá kọ̀, màá bú u délé àna rẹ̀."

"Kẹ́ ẹ sì máa jẹ́ kí omi híhó tutù kẹ́ ẹ tó dà á síbikíbi."

"Ta ló fẹ́ dúró tì í? Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn án wò."

Màmá Tumini gbé ìkòkò omi híhó míì kalẹ̀, ó gbé àpótí fún un, ó bu tíì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àna rẹ̀ tó ń hanrun. Warsito ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó ti ìka bọ omi inú ìkòkò náà. Ó ti tutù nini.

"Ó tutù?" obìnrin náà bi í.

"Ó kù díẹ̀," ni Warsito wí.