Etí Clive

Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì etí Clive lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù ń bà á pé òun ti di adití. Àbúrò rẹ̀, Janine, ti kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú rédíò. Òun ló gba orin inú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1990, lọ́jọ́ tí wọ́n jó mọ́jú nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Blackburn.

Clive tẹ́tí. Ìlù náà dé, gbì, gbì, gbì, ó ń lù ú láyà bíi ti àtijọ́.

"Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Mo tún ń gbọ́ ohùn ìwọ náà, tí ò ń pariwo pé bàtà rẹ ti sọnù."

"Ìwọ lo kúkú tẹ̀ ẹ́ já, Clive."

Clive mí kanlẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín.