Àgbo Tí Kò Korò Tó

"Ẹ jẹ́wọ́, Màmá," ni Moustapha wí. "Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ fi àgbo pa Gbadamassi, kí gbogbo wa lè lọ sílé."

"Èmi náà fẹ́ lọ sílé," ni Fáyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò pa ẹnikẹ́ni."

Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti ní àwọn fẹ́ gbá àjẹ́ kúrò nílùú, kò sí arúgbó tó ń ta ewé ní Porto-Novo tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Moustapha, delegé tó ń ṣojú ìjọba ládùúgbò, ọmọ àná tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ti mú Fáyọ̀kẹ́, tó ta àgbo ibà fún Gbadamassi, wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní yóò jẹ́wọ́ lórí rédíò lọ́la pé àjẹ́ ni òun. Bí kò bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ìyá náà ní kí wọ́n kúkú ti òun mọ́lé.

Ibẹ̀ ni Dókítà Ògúnwálé ti wọlé, ẹni tó tọ́jú Gbadamassi nílé ìwòsàn kó tó kú.

"A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò," ló wí. "Nígbà tí a kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó funfun bí omi ògì. Nivakíìnì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Díẹ̀ a máa wo ibà. Bó bá ti pọ̀ jù, ọkàn á máa lù ségesège, á sì dákẹ́."

"Èmi kì í fi oògùn òyìnbó sí àgbo," ni Fáyọ̀kẹ́ wí.

Idayatou, ìyàwó olóògbé, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bú sẹ́kún. "Èmi ni. Ọkọ mi ní àgbo náà ò korò tó, pé kò lè ṣiṣẹ́. Mo lọ nivakíìnì sí i. Ó tún ní kò korò, mo tún fi kún un."

Ilé wo ni wọn kì í ti í fi ahọ́n wọn agbára àgbo? Àánú obìnrin náà ṣe Fáyọ̀kẹ́ gan-an.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé," ni Moustapha wí. "Idayatou, dìde. Ìwọ lo máa jẹ́wọ́ lọ́la."

Fáyọ̀kẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà, ó jókòó ti Idayatou, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ní ẹ máa lọ, Màmá."

"Mo gbọ́. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ òun yè lẹ fẹ́ sọ di apànìyàn? Bẹ́ ẹ bá máa mú un lọ sílé rédíò, àwa méjèèjì lẹ máa mú. Ohun tí dókítà sọ yìí ni màá sọ níbẹ̀, kí gbogbo obìnrin tó ń se àgbo lè gbọ́."

Moustapha yíjú sí dókítà pé kó bá òun dá sí i. Dókítà fa àga kan, ó jókòó ti àwọn obìnrin méjèèjì.