Súwẹ́tà Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

Ara bébà tí wọ́n fi ń di òwú ni wọ́n tẹ ìkéde náà sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Alágbàfọ̀ ì bá ti jù ú nù láìwo ẹ̀yìn wò, bí kì í bá ṣe ti obìnrin tó jókòó tì í lákòókò ìsinmi ọ̀sán, tí kì í rí ìwé kó má kà á.

"Gbọ́ o," ni obìnrin náà wí. Ó na bébà náà jìnnà sójú, nítorí ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. "'Ṣé o fẹ́ràn Òwú Ìràwọ̀? Sọ ìtàn ohun kan tí o fi òwú wa hun fún ẹni tí o fẹ́ràn. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wù wá jù ni yóò jẹ́ òǹkọ̀wé àlejò lórí búlọ́ọ̀gù wa fún odidi ọdún kan.' Ìwọ gan-an ni wọ́n ń bá wí!"

"Kí ló ń jẹ́ òǹkọ̀wé àlejò, Àǹtí?"

"Wàá máa kọ nǹkan sójú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, àwọn èèyàn á máa kà á. Wọ́n á sì máa fi òwú ránṣẹ́ sí ọ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Èmi tí mo ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Kò sí wàhálà. Ṣé ọwọ́ tó ń lọ aṣọ ò lè kọ̀wé ni?"

Bí obìnrin náà ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ o, bí omi bá lọ o, bí ọ̀gá bá ń bínú o. Ìyẹn ni gbogbo ilé ìfọṣọ ṣe ń pè é ní Kòsíwàhálà. Òun ló ń ká aṣọ, Alágbàfọ̀ ló ń lọ̀ ọ́, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí àwọn méjèèjì ti ń dojú kọ ara wọn láàárín ooru gbígbóná ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà.

Òótọ́ ni pé Alágbàfọ̀ fẹ́ràn Òwú Ìràwọ̀. Òun ni ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní híhun nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, kò sì lo òmíràn rí. Bí ẹ bá gbé òwú mìíràn lé e lọ́wọ́, á fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, á sì dá a padà bí ẹni dá owó ayédèrú padà. Kò sí ọ̀sán tí abẹ́rẹ́ gígùn méjèèjì kì í jáde nínú báàgì rẹ̀. Kòsíwàhálà kò sì bi í rí pé ta ni àwọn súwẹ́tà kéékèèké náà wà fún. Àgbà tó ti sìnkú rí mọ ìbéèrè tí wọn kì í béèrè.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Alágbàfọ̀ àti ọkọ rẹ̀ bí. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà ti ń ká ọwọ́ sẹ́yìn rìn nínú ilé, tó ń bi àlejò pé, "Ṣé ẹ ti jẹun? Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ bàtà yẹn wọlé?" Wọ́n bá sọ ọ́ ní Màmá Àgbà. Ìyá rẹ̀ wá di Ìyá Màmá Àgbà, àwọn aládùúgbò á pè é bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn ò rí ẹni tó bí màmá àgbà ara rẹ̀ rí.

Ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ ní Ọjọ́rú. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti oníṣègùn. Ọ̀nà jíjìn ni bàbá rẹ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù lọ, ìrìn ọjọ́ méjì. Ibojì tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù ló bá. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sunkún, kò sì béèrè nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò dárúkọ ọmọ náà mọ́ nínú ilé. Àwọn aládùúgbò pàápàá kò mọ ohun tí wọn yóò máa pe ìyá. Wọ́n á lanu, wọ́n á ní "Ìyá M…", wọ́n á gbé ìyókù mì. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é nìyẹn.

Nígbà tí ọdún ikú náà yípo, ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í hun súwẹ́tà ọmọ ọdún méje. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ ẹnì kan níbi iṣẹ́ ni òun ń hun ún fún. Ó hun ún tán, ó tì í bọ inú àpótí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó hun ti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ti mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Kòsíwàhálà ka ìkéde yẹn sí i létí.

Inú ilé ìdáná rẹ̀ ló ti kọ ìtàn náà, lórí fóònù, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn àjò. Kò pa irọ́ kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi fẹ́ràn àwọ̀ ọsàn. Màmá Àgbà là ń pè é. Kì í fẹ́ kí ọrùn súwẹ́tà há, ó ní ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́nà ọ̀fun òun. Bí mo bá ń hun ún lọ́wọ́, á dúró tì mí, á ní kí n yára, òun ń dàgbà lọ." Gbogbo rẹ̀ pátá, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kò sí níbẹ̀: "nígbà ayé rẹ̀." Ó gbé ìka sókè láti tẹ̀ ẹ́, ìka kọ̀ fún un. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń bá a lọ.

"Lọ́dún yìí, ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Apá rẹ̀ ti gùn, mo fi ìlà mẹ́jọ kún ti èṣí. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti hù padà. Òun ló ń bá mi ṣírò iye òwú tí a máa rà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ìrìn àjò dé, òun ló ń sáré ṣílẹ̀kùn fún un."

Bó ṣe ń kọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí àlejò pàtàkì wọlé tọ̀. Fún odidi wákàtí kan, ọmọ náà wà nínú ilé ìdáná yẹn, ó ń nàka sí nǹkan, ó ń bá a jiyàn. Níparí, ilé iṣẹ́ òwú náà béèrè nọ́ńbà ẹnì kejì tí àwọn lè pè bí àwọn ò bá rí i. Ó fi ti ọkọ rẹ̀ sí i, ó sì fi ìtàn náà ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù rẹ̀ dún níbi iṣẹ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìtàn súwẹ́tà?" Ohùn ọ̀dọ́bìnrin ni, ohùn tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú oríire o! Tiyín la mú. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín débi tí tíì mi fi dà nù. Ọmọ yẹn ti gbọ́n jù!"

"Ó gbọ́n," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Fọtógíráfà wa ń bọ̀ nílé yín ní Sátidé, kó lè ya ẹ̀yin àti ọmọ yín, kí ó wọ súwẹ́tà tuntun yẹn. Ṣé aago mẹ́wàá dáa?"

"Ó dáa."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó wo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ bọ́, kò rí ibi tí yóò ti kó o jọ.

Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún Kòsíwàhálà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àpótí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá àgbàlagbà náà ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, kò sì sọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ-ọmọ mi obìnrin pé mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá. Fọ́tò kan ṣoṣo ni. Ta ni yóò mọ̀?"

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó mú ọmọ náà wá sílé Alágbàfọ̀ láti ilé ìwé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ti súwẹ́tà náà bọ orí, apá rẹ̀ sì dé ọrùn ọwọ́ gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín.

"Ó rọ̀ gan-an," ni ọmọ náà wí. "Ta ló ni ín, mà?"

"Ọmọ mi ni."

"Níbo ló wà?"

Kòsíwàhálà wúkọ́. Ọmọ náà sún mọ́ Alágbàfọ̀ kó lè bá a tún ọrùn súwẹ́tà náà ṣe, orí rẹ̀ sì dé àyà obìnrin náà, lábẹ́ eegun ọrùn díẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Alágbàfọ̀ fi ń méfò gígùn apá àti fífẹ̀ èjìká. Ní báyìí, ó ti wá mọ ibi tí orí ọmọ rẹ̀ ì bá dé lára òun.

"Bọ́ ọ," ló wí. "Bọ́ ọ, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

"O ò ba nǹkan kan jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ó fún un ní bisikíìtì, méjì sì já bọ́ sílẹ̀. Kòsíwàhálà ṣà wọ́n, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí ọkọ Alágbàfọ̀ fi wọlé. Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kó dé. Kò jókòó.

"Wọ́n pè mí níbi tí mo ti ń já ẹrù," ló wí. "Ọ̀dọ́bìnrin kan. Ó ní òun pè ọ́, fóònù rẹ ò wọlé. Ó ní kí n kú oríire ọmọ mi." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì. "Mo ní, 'Ọmọ wo?' Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Màmá Àgbà ni, sà.'"

Alágbàfọ̀ gun àga, ó gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ súwẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó sì ṣí ìtàn náà lórí fóònù fún un. Ọkọ rẹ̀ kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ ti ń sáré ṣílẹ̀kùn fún bàbá rẹ̀, ó dúró.

"N kò sí nílé," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ méjì ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn bọ̀. N kò fojú kan oorun."

"Mo mọ̀."

Ó fọwọ́ kan súwẹ́tà tó kéré jù. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò retí rárá. "Kì í ṣe àwọ̀ ọsàn ló fẹ́ràn. Àwọ̀ ewé ni."

"Àwọ̀ ọsàn ni! Ta ló ń ra bàtà fún un?"

"Àwọ̀ ewé ni mo sọ. Ó ní kí n lọ kun ọkọ̀ mi ní àwọ̀ ewé, kí àwọn ewúrẹ́ lè máa tẹ̀ lé mi."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì!"

Wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn bí ìyá àti bàbá tó ń jà sí aṣọ tí ọmọ máa wọ̀ lọ́la. Lójijì ni ohùn ọkùnrin náà já. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi súwẹ́tà bo ojú, ó sì sun ẹkún tí kò sun lẹ́bàá ibojì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde tan iná.

Ní àárọ̀ Ẹtì, Alágbàfọ̀ pe ilé iṣẹ́ òwú. Ó sọ òótọ́ láìyí i po. Ọ̀dọ́bìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Mà, ẹ dákun. Mo pe bàbá rẹ̀, mo tún ń rẹ́rìn-ín sí i létí."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀. Èmi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Bóyá ẹ lè kọ òótọ́ rẹ̀."

Ní Mọ́ńdè ló tó pe padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní òfin ìdíje ni pé kí ìtàn jẹ́ òótọ́. Ó ní òun sọ fún wọn pé èyí tó máa kọ báyìí, òótọ́ ni yóò jẹ́. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra òwú kì í fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ẹkún. Ẹlòmíràn ni wọn yóò fún.

"Mo dúpẹ́ pé ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀," ni Alágbàfọ̀ wí. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Kò sí ohun tó wù ú lọ́dún mẹ́ta yẹn tó bí èyí.

Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pípín lẹ́tà ni wọ́n mú, tó ń hun fìlà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀wé kọ. Lóṣooṣù ni Alágbàfọ̀ ń ka ohun tó bá kọ, kódà èyí tó kọ nípa bí a ṣe ń fọ òwú, níbi tó ti ṣi ọ̀rọ̀ omi gbígbóná sọ. Alágbàfọ̀ rí i, ó mọ èyí tó tọ́, kò sì kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ padà sẹ́nu ìrìn àjò. Tẹ́lẹ̀, bó bá lọ, ó lọ nìyẹn, títí yóò fi dé. Ní báyìí, ó ń pè bó bá dúró sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìpè rẹ̀ bá a lẹ́nu iṣẹ́.

"Ṣé mo sọ fún ọ nípa ọjọ́ tí mo gbé Màmá Àgbà lọ sílé epo?"

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ọkùnrin kan ń mu sìgá nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Ọmọ rẹ yọrí lójú fèrèsé, ó ní, 'Bàbá, ẹ pa á. Bí ẹ bá jóná, ta ló máa bá yín tọ́jú ìyàwó?'"

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tó yí padà di ẹkún. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró kó má baà jó aṣọ, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kòsíwàhálà yí ojú sápá kan, ó ń ká aṣọ lọ.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Mo wà níbẹ̀. Kí wá ni ọkùnrin náà sọ?"