Igba Garawa Afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá sọ pé mẹkáníìkì tí kò mọ̀wé kò lè mọ ohun tó ń ṣe, kó wá bá mi ní Akanran, ká jọ jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Kíláàsì kẹta ni mo dé nílé-ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kí bàbá mi tó ní kí èmi Làmídì máa bọ̀ lóko kòkó. Ojú ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀. Ọ̀gá kankan ò gbá mi létí rí.

Lọ́dún 1964, Bùrọ̀dá Josiah, ọmọ àdúgbò wa, ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Wọ́n mú ìwé-ẹ̀rí bọ̀, wọ́n sì gbé kábúrétọ̀ kan bọ̀, irin tó ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi aṣọ òtútù wé bí ọmọ tuntun. Wọ́n ní irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò ni. Wọ́n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan n'Íbàdàn, àlòkù ni, wọ́n ní kí n yọ kábúrétọ̀ ara ẹ̀, kí n fi ti Amẹ́ríkà síbẹ̀.

"Tó bá fi máa di Sátidé tí ọkọ̀ yìí ti gun òkè ẹ̀yìn odò láìkú," wọ́n ní, "màá kọ lẹ́tà fún ọ lọ sí gáréèjì ìjọba. Mo mọ ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀."

Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an. Gáréèjì ìjọba ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè. Èmi, ẹ̀ka igi ọsàn ni mo ń so okùn mọ́ kí n tó gbé ẹ́ńjìnnì.

Mo lu ihò sí irin pẹlẹbẹ kan, mo fi so kábúrétọ̀ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹnu ẹ̀ fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò mi méjèèjì jọ wọ ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ki eré mọ́lẹ̀ lórí títì tó tẹ́jú, ó ń bú bí ẹkùn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé ẹsẹ̀ òkè, tí Bùrọ̀dá Josiah tẹ iná sí i, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. A tún yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ó tún kú. Jùbrílù awakọ̀ fi lọ́rì ẹ̀ kó àpò kòkó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yọrí síta, ó ní ṣé kí òun so okùn mọ́ wa lọ́rùn.

Bùrọ̀dá ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ni. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní bẹntiróòlù ló dọ̀tí. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ọkọ̀ ò yéé kú. Wọ́n wá mú ìwé tó bá kábúrétọ̀ náà wá jáde, wọ́n fi ìka lé nọ́ńbà kan, 350. Wọ́n ní iye afẹ́fẹ́ tó lè gba ẹnu ẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, pé ti tẹ́lẹ̀ ò tó ìdajì ẹ̀, pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ń pọ̀ tó, èmi ni mo ń ṣe é sódì.

Mo bi wọ́n pé 350 kí ni. Wọ́n ní àpótí ni, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Mo ní mélòó nínú àpótí yẹn ni ẹ́ńjìnnì tiwa ń fẹ́? Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá wọn. Wọn ò mọ̀.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n jẹun. Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Títílọpẹ́, ìyàwó wọn, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi pọ́ǹpù fílíìtì lé ẹ̀fọn. Tí wọ́n bá tì í kíá, oògùn á tú jáde bí ìkùukùu. Tí wọ́n bá tì í jẹ́jẹ́, kò sí nǹkan kan. Mo tọrọ pọ́ǹpù náà, mo tì í títí gbogbo yàrá fi gba òórùn, tí tíṣà ń sín. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lórí ihò tóóró tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù náà ló ń fa oògùn sókè. Tí kò bá sáré, kò lè fà á. Kábúrétọ̀ náà ńkọ́? Tí ẹnu ẹ̀ bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kọjá, bẹntiróòlù á jókòó sáyè ẹ̀.

Tíṣà gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, ká wọ̀n ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi pákó kan àpótí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan. Ó ń jò, nítorí náà àgbàdo la dà sí i, kì í ṣe omi. Ó gba garawa kan, ó tún gba ààbọ̀ lé díẹ̀. Mo tú pọ́lọ́ọ̀gì, mo ń fi ìgò bíà bu epo òyìnbó sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, àwọn ihò mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, láti mọ ohun tó lè fà sínú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ gba ìgò méjì lé díẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó fa gbogbo ìyẹn tán. Mo sọ fún tíṣà pé tó bá gbóná janjan, á yí tó ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìṣirò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Igba garawa lé díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wa lè mí sínú ní ìṣẹ́jú kan. Kábúrétọ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àpótí 350 ẹ̀, ń retí garawa tó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ.

Tíṣà nu ọwọ́ wọn. "Ta ló máa sọ fún un?"

Lẹ́tà ni wọ́n ń bi mí, bóyá mo lè jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi ni.

Bùrọ̀dá Josiah rẹ́rìn-ín. "Garawa àgbàdo lo fẹ́ fi kọ́ mi?"

"Kábúrétọ̀ yín dáa, Bùrọ̀dá. Ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù báyìí lọ ló ń wá. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò kọ lẹ́tà yẹn mọ́, ẹ má kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí ò lè gun òkè."

Wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo fọ kábúrétọ̀ àtijọ́, mo dá a padà sáyè ẹ̀. Ní Sátidé, wọ́n jáde wá láìwò mí, wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ. Ó gun òkè, kò wúkọ́.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n mú lẹ́tà wá. Kíláàsì kẹta mi tó láti kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ìmọ̀ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́. Wọ́n ní ìlà kan péré. Mo ní òun náà ni mo ń wí. Wọ́n ká lẹ́tà sápò, wọ́n lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Mo ti ń sọ fún ara mi pé igi ọsàn mi náà lágbára. Ní Tọ́sìdeè, Bùrọ̀dá Josiah dé, wọ́n ti ká apá ẹ̀wù sókè. Wọ́n ní kí n gbé àpótí náà wá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bu àgbàdo, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi da epo òyìnbó, wọ́n sì kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí iye wọn bá tiwa mu, wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n yọ lẹ́tà jáde, wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́.

"Kí ni kí n wá kọ síbẹ̀?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá rí."

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n buwọ́ lù ú. Mo ka ìlà tuntun náà kí n tó fi í sápò: ọkùnrin yìí bi mí ní ìbéèrè kan nípa ẹ́ńjìnnì tí mi ò lè dáhùn, ó sì lọ wá ìdáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀.